Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Amy Sherald àti Àwọn Ènìyàn Aláwọ̀ Eérú

Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amy Sherald, obìnrin adúláwọ̀ ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Smithsonian ní ìlú Washington pé òun kò ní kó àwòrán òun wá síbẹ̀ mọ́. Ìpàtẹ tí ó fi sílẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. National Portrait Gallery, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń tọ́jú àwòrán àwọn ènìyàn rẹ̀ pàtàkì sí, ni ó yẹ kí ó gbà á lálejò ní oṣù Kẹsàn-án. Òun ni ì bá jẹ́ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láàárín àwọn ayàwòrán òde òní tí ilé náà yóò ṣe odidi ìpàtẹ fún ní òun nìkan.

Àwòrán kan ṣoṣo ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Trans Forming Liberty ni ó pe orúkọ rẹ̀. Nínú rẹ̀, Sherald ya adúláwọ̀ kan tí a bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tí ó ń gbé ìgbé ayé obìnrin, ó sì mú un dúró bí Ère Òmìnira tó wà lójú omi ní New York. Òdòdó ni ó fi sínú ògùṣọ̀ ọwọ́ rẹ̀ dípò iná. Sherald ní wọ́n sọ fún òun pé ọkàn àwọn kan nínú ilé iṣẹ́ náà kò balẹ̀ nípa àwòrán yìí, pé wọ́n sì ti ń jíròrò láti fi fídíò ohun tí àwọn ènìyàn rò nípa rẹ̀ dípò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Smithsonian ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ àwòrán náà ni àwọn fẹ́ kí fídíò wà, kì í ṣe ipò rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìjọba Ààrẹ Trump ti ń fún ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn lórí irú ohun tí ó ń pàtẹ. Èyí ó wù kó jẹ́, ayàwòrán náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò.

Irú ènìyàn tí ó wà nínú àwòrán yẹn, oníkálukú ló ní èrò tirẹ̀ nípa rẹ̀, pàápàá jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ aáwọ̀ náà jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé ẹnì kan kò yẹ ní wíwò? Ìbéèrè yìí ni Sherald ti ń fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì dáhùn láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1973 ni wọ́n bí i ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí baba rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ dókítà eyín. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Kátólíìkì tí ọmọ òyìnbó pọ̀ sí ni wọ́n fi í sí, àwọn ọmọ adúláwọ̀ ibẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un láti kékeré pé ó ní láti ṣọ́ bí yóò ṣe máa sọ̀rọ̀ àti bí yóò ṣe máa ṣe láàárín wọn, nítorí pé ojú ọ̀tọ̀ ni wọn yóò máa fi wò ó. Ọmọ tí ó bá gbọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó mọ ìwé kà dáadáa kò ní tètè gbàgbé pé ojú ń wo òun.

Inú àwọn ìwé ìmọ̀ ńláńlá tó wà nínú ilé wọn ni ó ti kọ́kọ́ ń rí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wá kó wọn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Columbus, ó bá àwòrán ńlá kan pàdé, iṣẹ́ Bo Bartlett, òyìnbó tí wọ́n bí ní ìlú yẹn kan náà. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan ló dúró níwájú ilé nínú àwòrán ọ̀hún. Ọmọbìnrin náà kò rò ó rí pé ẹni tó jọ àwọn ará ilé òun lè wà lára ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀. Sherald ti sọ ìtàn ọjọ́ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà: ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe láyé wà, àti pé ó ṣeé ṣe.

Àwọn òbí rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìṣègùn ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ náà ni ó sì kọ́kọ́ tọ̀ nígbà tí ó wọ Yunifásítì Clark Atlanta, kí ó tó yí padà sí iṣẹ́ ọnà. Ó gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1997. Ó dé Portobelo ní ilẹ̀ Panama láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ayàwòrán, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Odd Nerdrum ní Norway, àgbà ayàwòrán tí ó ṣì ń fi ọwọ́ àtijọ́ ya ènìyàn. Ní ọdún 2004, ó gba oyè kejì ní Maryland Institute College of Art ní ìlú Baltimore.

Ọdún tí ó yẹ kí ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ara yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó lọ fún àyẹ̀wò, tí kò sì rò pé nǹkan kan ń ṣe òun. Àwọn dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé agbára tí ó fi ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara kò tó mọ́, wọn kò sì rí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún ní láti padà sí Columbus fún ọdún mélòó kan láti tọ́jú àwọn ẹbí rẹ̀ tí ara wọn kò yá. Iṣẹ́ yíyà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá.

Nígbà tí ó padà sí Baltimore, ó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ, ó sì ń ya àwòrán nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Títí tí ó fi di ẹni ọdún 38 ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń di olùkọ́, àwọn mìíràn ti fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹnu àáké tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwe lásán: oògùn ọkàn ni ó ń gbé mì lójoojúmọ́, kò sì mọ ọjọ́ tí ọkàn náà yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ náà dé ní ọdún 2012. Ó dákú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ó sì wà lórí ibùsùn níbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì, tí ó ń retí kí ẹlòmíràn kú kí òun lè yè. Láàárín àkókò yẹn náà ni àrùn jẹjẹrẹ pa arákùnrin rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, wọ́n fi ọkàn ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Ó jẹ́ ẹni ọdún 39.

Ohun tí ó ń yà kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, òun náà ni ó padà sí nígbà tí ó jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàpèjúwe. Ó máa ń rí ènìyàn kan lójú pópó tàbí láàárín ìlú, ẹni tí nǹkan kan wà lára rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó lè gbójú kúrò. Yóò bẹ̀ ẹ́ kí ó wá. Yóò yan aṣọ fún un, yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò sì fi fọ́tò náà ya àwòrán sórí kanfáàsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn ẹni náà kì í ní ilé, kì í ní igi, kì í ní ọ̀nà: ọ̀dà kan ṣoṣo ni yóò tẹ́ síbẹ̀, bí àwọ̀ ojú ọ̀run tàbí àwọ̀ ẹyin ẹyẹ. Adúláwọ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣiṣẹ́, wọn kì í jó, wọn kì í sunkún, wọn kì í bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kàn dúró, wọ́n sì ń wo ẹni tí ń wò wọ́n.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń da ojú rú ni àwọ̀ ara wọn. Eérú ni. Gbogbo aṣọ, gbogbo bàtà, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ní àwọ̀ tó ń tàn, ṣùgbọ́n ojú, ọrùn àti ọwọ́ dà bí ti fọ́tò àtijọ́ tí kò ní àwọ̀ mìíràn ju dúdú àti funfun lọ. Àwọn kan ti béèrè bí ẹni tí ó fẹ́ràn ènìyàn dúdú ṣe lè fi àwọ̀ wọn pamọ́.

Èdè Yorùbá lè ran òǹkàwé lọ́wọ́ níbí. Ní èdè yìí, adúmáadán wà, apọ́nbéporẹ́ wà. Oríkì ni méjèèjì, inú ẹni tí a bá sì fi kì yóò dùn. Síbẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń fi àwọ̀ ara ṣe òṣùwọ̀n, tí ẹni tó pọ́n ń rí ojú rere tí ẹni tó dú kò rí. Ní Amẹ́ríkà, òṣùwọ̀n náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé inú oko ẹrú ni ó ti gbilẹ̀. Ní ọdún 2009, Sherald ya ọmọbìnrin kan, ó sì fún àwòrán náà ní orúkọ tó ń fi irú ìsọrí bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: They Call Me Redbone but I'd Rather Be Strawberry Shortcake. Redbone ni àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ ń pe ẹni tí ó pọ́n láàárín wọn. Ọmọ inú àwòrán náà kò pọ́n, kò sì dú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ gbọ́dọ̀ wo ojú rẹ̀.

Sherald ti ṣàlàyé pé ẹwà ni òun kọ́kọ́ ń wá nínú àwọ̀ eérú yẹn, kí òun tó rí gbogbo ohun tí ó ń sọ. Fọ́tò ìyá rẹ̀ àgbà, tí kò ní àwọ̀, wà lára ohun tó ti ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn fọ́tò tí W. E. B. Du Bois kó lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris ní ọdún 1900, èyí tó lé ní 300, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn adúláwọ̀ ìpínlẹ̀ Georgia níbi tí wọ́n ti bí Sherald. Ní ayé ìgbà tí ìwé ìròyìn ń ya adúláwọ̀ bí ọ̀bọ, Du Bois fi wọ́n han ayé nínú kóòtù àti aṣọ léèsì, pẹ̀lú ojú tí ó tutù. Fún àwọn tí kò ní owó láti pe ayàwòrán, ẹ̀rọ fọ́tò ni ó kọ́kọ́ fún wọn ní àǹfààní láti sọ bí àwọn ṣe fẹ́ kí a rí àwọn.

Ìdí nìyí tí aṣọ fi ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ní ọdún 2013, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó gba ọkàn tuntun, ó ya ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, tí ó gbé ife tíì kan tí ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ dání, tí ó sì dúró bí ẹni tí kò ní ìpàdé kankan láti sáré lọ. Miss Everything ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2016, àwòrán yìí ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje National Portrait Gallery, láàárín iṣẹ́ tó lé ní 2,500. Kò sí obìnrin tí ó gba ipò yẹn rí ṣáájú rẹ̀, kò sì sí adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ 25,000 dọ́là.

Ilé yẹn kan náà ni ó tún padà sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2018, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán Michelle Obama. Òun ni ìyàwó Ààrẹ tẹ́lẹ̀ náà yàn láti ya òun. Kehinde Wiley ni ó ya ọkọ rẹ̀. Aṣọ Michelle nínú àwòrán náà gbòòrò dé ilẹ̀, ó funfun, ó sì ní àwọn àmì onígun tí Sherald rí bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò aṣọ ìbora Gee's Bend. Abúlé kan ní Alabama ni Gee's Bend, níbi tí àwọn obìnrin tí ìran wọn ti ṣe ẹrú ti ń fi àjákù aṣọ iṣẹ́ rán aṣọ ìbora tí gbogbo ayé wá ń kan sáárá sí. Àwọn kan ráhùn pé ojú náà kò jọ ojú Michelle tó, pé àwọ̀ rẹ̀ dà? Kò pẹ́ tí fọ́tò ọmọbìnrin kékeré kan tàn ká: ọmọ ọdún méjì, adúláwọ̀, ó dúró síwájú àwòrán náà, ó la ẹnu sílẹ̀, kò sì yísẹ̀. Ẹni tó bá rántí Columbus yóò mọ̀ pé ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ní ọdún 2019, Sherald ṣe ìpàtẹ rẹ̀ ńlá àkọ́kọ́ ní New York, ó sì sọ ọ́ ní the heart of the matter…, èyí tí Yorùbá lè pè ní ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ọkàn fún ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkàn náà ni kò jẹ́ kí ó lè jáde ní ọdún 2020. Ẹni tí ó gba ọkàn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí ń rọ agbára ara, kí ara má baà kọ àlejò náà. Àrùn kòrónà lè tètè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ́de nítorí ikú Breonna Taylor, inú ilé ni Sherald wà. Ọmọ ọdún 26 ni Breonna, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa nínú ilé rẹ̀ ní Louisville ní òru ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún náà. Ìwé ìròyìn Vanity Fair ní kí Sherald yà á fún ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ ti oṣù Kẹsàn-án.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní láti ya ẹni tí kò lè bẹ̀ kó wá dúró fún òun. Ó wo àwọn fọ́tò rẹ̀, ó wádìí irú ènìyàn tí ó jẹ́ àti irú aṣọ tí ó fẹ́ràn, ó sì wá ẹni tí ìdúró wọn jọra. Ó wọ aṣọ fún un ní àwọ̀ búlúù tó dà pọ̀ mọ́ ewé, ó sì fi àwọ̀ kan náà tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú òǹwòran kò fi rí ibòmíràn sá sí ju ojú ọmọ náà lọ. Ó fi àgbélébùú kékeré sí i lọ́rùn. Ó sì fi òrùka sí i níka, nítorí pé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ti ń gbèrò láti fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí yóò fi òrùka náà sí i lọ́wọ́ kò dé. Inú àwòrán ni ó ti wọ̀ ọ́.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé méjì, ọ̀kan ní Washington, èkejì ní Louisville, ni ó jọ ra àwòrán náà. Sherald kò kó owó rẹ̀ sápò. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni ó fi dá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní orúkọ Breonna ní Yunifásítì Louisville.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní apá kejì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n gbé The Bathers, àwòrán tí ó yà ní ọdún 2015, jáde ní gbànjo ní New York. Àwọn onígbànjo rò pé kò ní ju 200,000 dọ́là lọ. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ọwọ́ ẹni tí ó tà á ni owó náà lọ, nítorí pé òfin Amẹ́ríkà kò fún ayàwòrán ní ìpín kankan nínú èrè ẹni tó bá tún iṣẹ́ rẹ̀ tà. Nígbà tí ó ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ó kúrò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

Báyìí ni ọ̀nà ṣe jìn kí ó tó dé oṣù Keje ọdún 2025. Ìpàtẹ American Sublime, tí ó kó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀ jọ, ti kọ́kọ́ wà ní San Francisco, ó sì ti dé Whitney ní New York. Washington ni ó kù, ilé tí ó gbé e ga ní 2016, tí àwòrán Michelle sì wà. Kò sí ibi tí gbígba ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ ì bá ti rọrùn fún un tó ibẹ̀. Àwòrán kan péré ni, àwọn yòókù yóò sì wà lórí ògiri.

Ṣùgbọ́n ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ohun tí ó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ènìyàn yẹ ní wíwò kí a tó dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá gbà kí ohùn àwọn tí ń dájọ́ rọ́pò ojú ẹnì kan ṣoṣo lára ògiri, tàbí kí ó dúró tì í bí ẹlẹ́rìí, yóò ti sọ fún gbogbo àwọn yòókù pé àyè tí wọ́n wà kì í ṣe tiwọn. Ọmọbìnrin olórí-fìlà pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, Breonna àti òrùka rẹ̀, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ nítorí pé ẹnì kan kọ̀ láti béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá wọ́n tọ́ sí i.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìpàtẹ náà ṣí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Baltimore, láìyọ àwòrán kankan kúrò. Ìlú tí Sherald ti gbé àwo oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pààrọ̀ ọkàn fún un. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yà ni ó rí ní ojú pópó ìlú yẹn, láàárín àwọn ènìyàn tí ń lọ tí ń bọ̀. Wọ́n ti wá padà sílé, nínú aṣọ dáradára, pẹ̀lú àwọ̀ eérú wọn, wọ́n sì ń wo àwọn ará ìlú wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé.